Ẹní Ìkúnlẹ̀ Màmá Ẹlẹ́ní

Ọkọ mi, Jíbọ́lá Títíloyè, fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́dún 2005, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Bí mo bá ti ọjà Oliha dé, tí mo gbé báàgì mi kalẹ̀, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sára báàgì kó tó wo èmi tí mo gbé e. "Kí ló wà nínú ìyẹn?" Èmi náà á ní, "Edé ni, ọ̀gá wa. Ẹ wá tú u wò." Yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n yóò tú u.

Èmi Morọ́láyọ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀, ọmọ Adó-Èkìtì, tí mo ti ń ta edé àti ẹja gbígbẹ ní Oliha láti ọdún 1991 tí wọ́n gbé ọkọ mi wá sí Bìní. Ọmọ Ìlàjẹ ni òun, láti Òbè Ìdí-Àgbọn, abúlé kan létí òkun tó jẹ́ pé orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé lé, tí omi sì ń ṣàn lábẹ́ yàrá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe aṣọ́bodè, kò sì gba rìbá rí. Kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èmi ni mo jẹ ìyà rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ti kọ́ ilé alájà méjì, wọ́n ti kọ́ ti àna wọn, ilé tiwa ní ọ̀nà Ekenwan, nítòsí bárékè, ṣì ń wo ojú ọ̀run láìní òrùlé. Inú máa ń bí mi nígbà náà. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìyàwó ta ni mí, mo máa ń na ọrùn dáadáa kí n tó dáhùn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, mo rò pé yóò máa sinmi ni, tàbí kó máa ta ayò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní òun ti fi gbogbo ayé òun lé àwọn onífàyàwọ́ kiri, òun kò sì mọ ìtàn wọn. Ta ló kọ́kọ́ ṣe é ní etí omi wa? Kí ni wọ́n ń gbé? Ibo ni wọ́n ń gbà? Bí ó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́mọ ọgọ́ta ọdún nìyẹn.

Ó ń lọ sí ilé ìkàwé kan nígboro Bìní títí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi sọ ọ́ di Dádì. Ó gba ọ̀nà Ekenwan lọ sí Ughoton, èbúté àtijọ́ tí àwọn òyìnbó ti ń bá Bìní ṣòwò, ó dúró létí omi, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ibi tí èèyàn lè sá gbà. Ó lọ sí Ìbàdàn níbi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, ó ń da ọ̀rọ̀ inú wọn kọ títí ìka rẹ̀ fi wú. Tábìlì tí a fi ń jẹun di ti ìwé. Orí itan la wá ń gbé àwo ẹ̀bà lé, bí ẹni tó lọ síbi òkú.

Bó bá rí nǹkan tuntun, èmi ni yóò pè. "Láyọ̀, wá gbọ́." Ó ní láti ayé tí òyìnbó ti ń wá ra ata àti eyín erin ni àwọn kan ti ń gba ẹ̀yìn ṣòwò, kí wọ́n má baà san owó ibodè fún ọba. Nígbà tí ìjọba òyìnbó wá gba etí omi, tí wọ́n bu owó ibodè gọbọi lé jíìnì, ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i. Jíìnì kún ọjà òkè bámúbámú, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ́bodè tó rí i kó kọjá lórí omi.

"Ẹ̀yin aṣọ́bodè kò gbọ́n nígbà náà nìyẹn," ni mo wí.

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Wọ́n gbọ́n, Láyọ̀. Ẹni tó gbọ́n jù wọ́n lọ ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Báyìí ló wà tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wọn ní Bìní fi parí gbọ̀ngàn tí wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà Sapele. Òrùlé ti wọlé, fèrèsé ti wọlé, orúkọ ni kò tíì sí. Àwọn kan ní kí wọ́n fi orúkọ olówó kan tó ra páànù sọ ọ́. Ọkọ mi dìde ní ìpàdé, ó ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó ní ta ló sọ gbogbo àwa tí a jókòó síbí di ẹni tó ń ka ìwé? Màmá Ẹlẹ́ní ni.

Gbogbo ọmọ Òbè ló mọ Màmá Ẹlẹ́ní. Èyítọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀ gan-an, òun ló bí bàbá bàbá ọkọ mi. Ó ń hun ẹní, ó ń tà á dé òkè odò, ó sì fi ohun tó rí níbẹ̀ kọ́ ilé ìwé àkọ́kọ́ sórí omi, ó ránṣẹ́ pe tíṣà láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ń bọ́ ọ. Akínwùmí, bàbá àgbà alága ẹgbẹ́, ni ọmọ tó kọ́kọ́ mọ̀wé kà níbẹ̀. Láti ara Akínwùmí ni àwọn tíṣà ti wá, láti ara àwọn tíṣà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti báńkì tó kún ẹgbẹ́ náà ti wá. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága, Alàgbà Adéníyì, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó ti jẹ́ ọ̀gá pátápátá nílé iṣẹ́ ìjọba, ní kí ọkọ mi kọ ìtàn ìgbésí ayé màmá náà, kó sì kà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí gbọ̀ngàn. Ọkọ mi wálé pẹ̀lú àyà gbígbé sókè. Ìtàn fàyàwọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tábìlì, ti Màmá Ẹlẹ́ní lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa àṣà àwọn àna mi. Bí ìyàwó ilé wọn bá lóyún tó sì ku díẹ̀ kó bí, wọ́n á fi ẹní ránṣẹ́ sí i láti Òbè. Ẹní ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ká a mọ́ ìgò jíìnì kan, wọ́n á fi okùn dì í níbi mẹ́ta, ọkùnrin kò sì gbọdọ̀ tú u. Wọ́n ní bí ọkùnrin bá tú u, ọ̀nà ọmọ á dí mọ́ aboyún náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá fún mi, mo fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mo ní ní Èkìtì tiwa, orí bẹ́ẹ̀dì la ti ń bímọ. Ṣùgbọ́n mo gbà á, mo sì gbà á fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹní tó dára ni. Ó nípọn, ó sì ní àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n hun mọ́ ọn nínú, tí mo máa ń ki aṣọ ọmọ, páúdà àti òróró sí. Mo rò pé ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn.

Lọ́dún 2008, oyún àkọ́bí wa, Tèmítọ́pẹ́, wá kù díẹ̀ kó di ọmọ. Báńkì kan ní ọ̀nà Sapele ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti gba ìsinmi, ó wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àǹtí Ìyábọ̀, tó ṣì ń hun ẹní ní Òbè, fi ẹní ránṣẹ́. Mo gbé e ti ògiri pálọ̀.

Ọkọ mi ń ka ìwé tó dà kọ ní Ìbàdàn. Òyìnbó aṣọ́bodè kan ló ń ráhùn sí ọ̀gá rẹ̀. Ó kà á sí mi létí: "A dá gbogbo ọkọ̀ tó ń ti Òbè bọ̀ dúró. Ẹní nìkan la bá nínú wọn, àti àwọn obìnrin olóyún." Ó ṣí ojú ìwé kejì. Ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó sì rí ẹní lára ògiri.

Mo mọ ojú yẹn. Ojú tó fi ń wo báàgì mi ni. Ó dìde, ó rìn yí ẹní náà ká, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Kò fọwọ́ kàn án.

"Láyọ̀, jọ̀ọ́, bá mi tú ẹní yìí."

"Daddy, wetin do you? Na ordinary mat na," ni Tèmítọ́pẹ́ wí láti orí àga.

"Jẹ́ kí màmá rẹ tú u."

Mo tú u, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ìgò jíìnì wà nínú ọ̀kan lára àwọn àpò rẹ̀, ó há síbẹ̀ rẹ́gí. Ọkọ mi wá kúnlẹ̀ tì í, ó ń ka àwọn àpò yòókù. Pẹ̀lú èyí tí ìgò wà, méjìlá ni. Ó fa ìgò náà yọ, ó ki í bọ àpò kejì, ó há rẹ́gí. Ó ki í bọ ìkẹta, bákan náà. Gbogbo wọn ló ṣe déédéé ìgò.

"Láyọ̀, ìgò mélòó ló ń wà nínú àpótí jíìnì kan?"

Mo ti ń na ọjà tipẹ́, mi ò nílò kí n rò ó. "Méjìlá."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó káwọ́ lérí. "Onífàyàwọ́ ni. Yéè! Màmá Ẹlẹ́ní, onífàyàwọ́ ni."

Ó yé mi níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ etí omi náà ni àwọn tí òyìnbó gbà síṣẹ́ láti máa yẹ ọkọ̀ wò. Èwo nínú wọn ló máa gbójúgbóyà tú ẹní ìkúnlẹ̀, kó wá lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílé? Màmá Ẹlẹ́ní mọ̀ wọ́n. Ó hun àpótí jíìnì sínú ohun tí wọn kò ní fọwọ́ kàn, ó gbé e kọjá níwájú wọn lọ́sàn-án gangan. Mo ń wo ẹní tí mo ti fi tọ́jú páúdà, orí mi wú. Mo ní obìnrin rèé! Ká ní wọ́n fún mi láyè ni, ǹ bá jó.

Ọkọ mi pe Àǹtí Ìyábọ̀ lórí fóònù, nítorí kò fẹ́ fi àbá lásán kọ ìtàn. Ó bi í pé kí ló dé tí àpò ẹní ìkúnlẹ̀ fi jẹ́ méjìlá.

"Ìyá wa ní kí n má dín in, kí n má fi kún un," ni Àǹtí wí. "Wọ́n sì ní kí n má sọ ìdí rẹ̀ fún ọkùnrin tó bá ń wọ aṣọ ìjọba."

"Àǹtí mi, mo ti fẹ̀yìn tì!"

"Hẹ̀n-ẹ́n. Nígbà náà, ohun tí o rò ọ́hùn ni."

Ó kọ ọ́ sínú ìtàn náà, gbogbo rẹ̀. Ó gbé e lọ fún alága kó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò pẹ́ tí Alàgbà Adéníyì fi dé ilé wa, kò jókòó, kò gba omi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ ojú ìwé yìí," ló wí.

"Kí ló burú nínú rẹ̀?"

"Kí ló burú kẹ̀? Ṣé kí wọ́n máa pe gbọ̀ngàn wa ní gbọ̀ngàn onífàyàwọ́ ni? Àwọn ọmọ wa wà ní báńkì. Èmi alàgbà ìjọ ni mí. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni."

"Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń júwe rẹ̀, Alága. Ilé ìwé tí bàbá àgbà yín ti mọ̀wé, jíìnì yẹn ló kọ́ ọ. Iye tí ẹní lè mú wọlé kò lè bọ́ tíṣà. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀."

"Bí ẹ bá kà á lọ́jọ́ náà, mo ti sọ fún yín, pátákó orúkọ tí a gbé kọ́ yẹn, màá gbé e sọ̀kalẹ̀. Orúkọ olówó páànù ni a ó lò." Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Mo bẹ ọkọ mi pé kó yọ ojú ìwé náà. Mo ní ìwọ lo jà kí orúkọ màmá yìí lè wà níbẹ̀, ìwọ lo tún fẹ́ fi ẹnu ara rẹ yọ ọ́ kúrò. Àwọn tó mọ̀ á mọ̀, àwọn tí kò mọ̀ á máa jó. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Láyọ̀, mi ò kọ irọ́ sínú ìwé fún ọ̀gá mi rí. Mi ò ní torí òkú bẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹ̀ sófin, mo mọ̀. Ká ní èmi ni mo wà létí omi lọ́jọ́ náà, màá mú un." Ó mi orí. "Irọ́ ni. Mi ò bá tí mú un. Ẹní tí wọ́n fi okùn dì níbi mẹ́ta tó ti kọjá lójú mi lẹ́nu iṣẹ́, mi ò lè kà wọ́n. Mo tú búrẹ́dì wò, mo tú pósí òkú wò. Bí mo bá rí ẹní yẹn, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí i. Èmi Jíbọ́lá!"

Inú rẹ̀ bàjẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tún ń dùn. Mi ò rí irú rẹ̀ lójú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ ṣíṣí gbọ̀ngàn pé. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ní ilé tuntun tí a fẹ́ sọ lórúkọ, ọmọ tuntun ni, a kò ní fi aṣọ lásán bo orúkọ rẹ̀ kí a tó ṣí i. Àǹtí Ìyábọ̀ tó ti Òbè wá fúnra rẹ̀ gbé ẹní ìkúnlẹ̀ ńlá kan dání, ó yí i mọ́ pátákó orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi okùn dì í níbi mẹ́ta. Ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Èrò kún inú àti ìta. Tèmítọ́pẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkókó rẹ̀ lẹ́yìn.

Ọkọ mi wọ aṣọ funfun, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Nígbà tó ka ti ilé ìwé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó ka ti Akínwùmí, alága gan-an mi orí. Lẹ́yìn náà ó ṣí ojú ìwé náà. Mo di aṣọ mi mú. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó kà á bí ẹni tó ń jábọ̀ fún ọ̀gá: àpò méjìlá, ìgò méjìlá, okùn mẹ́ta, àwọn aṣọ́bodè tó kọ ẹ̀yìn sí i. Lẹ́yìn náà ni kùn-ún kùn-ún bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ níwájú mi pé, "Onífàyàwọ́ ni màmá wa?"

Alàgbà Adéníyì dìde. "Ó tó, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti kìlọ̀ fún yín." Ó gba àárín èrò kọjá, ojú rẹ̀ pọ́n. "Pátákó yìí ń sọ̀kalẹ̀ nísinsìnyí."

Mo ní ó ti tán. Gbogbo wàhálà ọdún mẹ́ta ọkọ mi, ó ti tán nìyẹn.

Alága dé ibi pátákó. Ó na ọwọ́ sí okùn àkọ́kọ́.

"Ọkùnrin kì í tú u!"

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pariwo rẹ̀. Gbogbo obìnrin Òbè tó wà níbẹ̀ ló ké e lẹ́ẹ̀kan náà, àgbà àti ọ̀dọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì àti àwọn tó ń ta ẹja. Èmi ọmọ Èkìtì náà ké e. Tèmítọ́pẹ́ tí kì í fẹ́ sọ Yorùbá ké e ní Yorùbá.

Alàgbà Adéníyì já ọwọ́ gbà, bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ó sún sẹ́yìn, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo okùn tó wà níwájú rẹ̀, okùn lásán tí ọmọdé lè tú.

Ọkọ mi pa ìwé rẹ̀ dé. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́. "Alága, bí wọ́n ṣe kọjá nìyẹn."

Alága wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo ẹní. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀, kò lè mú un mọ́ra, ó sì bú jáde. Ibẹ̀ rọ́ fún ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́. Ó nu ojú, ó ní, "Màmá tún ti gbà mí lọ́wọ́ kọjá. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú u."

Àǹtí Ìyábọ̀ jáde wá, kò yára. Ó tú okùn àkọ́kọ́, ó tú ìkejì, ó tú ìkẹta. Ẹní ṣubú, orúkọ náà sì wà níbẹ̀ gàdàgbà: GBỌ̀NGÀN ÈYÍTỌ́PẸ́ ẸLẸ́NÍ. Mo sunkún ayọ̀, mo sì pariwo orúkọ náà títí ohùn mi fi há.

Mo wá ojú ọkọ mi kí n lè fi hàn án, ṣùgbọ́n mi ò rí i. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí pátákó láti ìgbà tí ọwọ́ Àǹtí ti kan okùn, ó ń wo òpópónà, ó ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe yẹ kí ọkùnrin ilé wọn ṣe. Aṣọ́bodè ni. Ó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kọjá.